Kí o tó kọ̀wé fi iṣẹ́ sílẹ̀ nítorí pókà

Àbúrò, mo ka ohun tí o kọ tán. O ní akáǹtáǹtì ni ọ́ ní ọ́fíìsì aládàáni kan ní Utako, pé láti bí oṣù mẹ́rin ni o ti ń ta pókà, eré káàdì olówó yẹn, lórí íntánẹ́ẹ̀tì lálaalẹ́, pé èrè rẹ̀ ti kọjá owó oṣù rẹ, o sì fẹ́ kọ̀wé fi iṣẹ́ sílẹ̀ lópin oṣù yìí. O wá ń béèrè lọ́wọ́ ẹni tó bá ti fi í jẹun rí bóyá ó ṣeé ṣe. Ó ṣeé ṣe. Èmi fi í jẹun ní Àbújá níbí fún ọdún mélòó kan, láti yàrá kan ṣoṣo ní Kubwa, mo sì ń ta á títí dòní. Ṣùgbọ́n má tíì kọ lẹ́tà yẹn.

Jẹ́ ká kọ́kọ́ mú oṣù mẹ́rin yẹn. Nínú pókà, a kì í fi oṣù wọn nǹkan. Iye ìgbà tí wọ́n pín káàdì fún ọ, tí àwa ń pè ní ọwọ́, la fi ń wọ̀n ọ́n. Lórí íntánẹ́ẹ̀tì, tábìlì kan lè pín ọwọ́ 60 sí 80 ní wákàtí kan. Níbi tí èèyàn ti ń fọwọ́ pín in, ká sọ pé 25 sí 30. Wàyí o, mú ẹni tó mọ̀ ọ́n ta dáadáa, tó ń jèrè big blind 5 lórí ọwọ́ 100 kọ̀ọ̀kan (big blind ni owó tí wọ́n fi ń bẹ̀rẹ̀ ọwọ́, òun la fi ń mọ bí tábìlì ṣe tóbi tó). Èrè gidi nìyẹn. Tí irú wọn mẹ́wàá bá ta ọwọ́ 10,000 ẹnì kọ̀ọ̀kan, ìṣirò ní bíi mẹ́ta nínú wọn ló ṣì máa wà nínú àdánù. Wọn ò ṣe ohun tí kò tọ́ o, bí káàdì ṣe bọ́ sí wọn lọ́wọ́ ni. Bẹ́ẹ̀ náà ni ẹni tí kò mọ ọwọ́ ọ̀tún yàtọ̀ sí òsì lè ta ọwọ́ 10,000, kó máa kó owó wálé, kó sì máa fọ́nnu. Ìwọ tí o kàwé ìṣirò owó, o kọ iye èrè rẹ sílẹ̀ fún wa, o ò kọ iye ọwọ́ tí o ti ta. Ìyẹn ni mo kọ́kọ́ wá nínú ọ̀rọ̀ rẹ, mi ò sì rí i.

Èyí tí mo fẹ́ kó yé ọ jù nìyí. Ní alẹ́ ọjọ́ Ẹtì kan ní Wuse 2, nílé ẹnì kan tó máa ń kó wa jọ, mo mú Ace àti King lọ́wọ́. Wọ́n ṣí káàdì mẹ́ta àkọ́kọ́ tí gbogbo wa jọ ń lò sáàárín tábìlì: King, 10 àti 2. Heart, àwọn tó ní àwòrán ọkàn pupa, ni 10 àti 2 yẹn. Káàdì kẹrin jáde, 4 tí kì í ṣe heart. Gbogbo èèyàn ti ju tiwọn sílẹ̀ àfi ọ̀gá Ìjẹ̀bú kan tó ń gba kọ́ńtíráàtì, tí abọ́ súyà wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣíìpù (àmì owó orí tábìlì) rẹ̀. ₦60,000 ti wà láàárín. Mo gbé ₦30,000 lé e. Ọ̀gá wo káàdì wọn, wọ́n wò mí, wọ́n fi tíṣù nu yàjì kúrò níka, wọ́n ní, “Ẹ jẹ́ ká ríran,” wọ́n sì san án. 7 àti 6, heart méjèèjì, ló wà lọ́wọ́ wọn. Pẹ̀lú méjì orí tábìlì, heart mẹ́rin nìyẹn; bí ìkarùn-ún bá bọ́ sílẹ̀, ó ju King méjì tèmi lọ.

Bá mi ṣírò rẹ̀. Káàdì 52 ló wà nínú páálí. Ọ̀gá ti rí mẹ́fà, méjì lọ́wọ́ wọn àti mẹ́rin lórí tábìlì. Ó ku 46, heart tó kù nínú rẹ̀ kò ju 9 lọ. 9 nínú 46 kò tó ẹ̀ẹ̀kan nínú márùn-ún. Ṣùgbọ́n ₦30,000 ni wọ́n ń san láti fi jẹ ₦90,000, ó sì yẹ kí ó máa bọ́ sí i lẹ́ẹ̀kan nínú mẹ́rin kí owó yẹn tó pé. Ẹni tó bá ń san irú owó bẹ́ẹ̀ nígbà gbogbo ń sọ bíi ₦6,500 nù lórí ìkọ̀ọ̀kan.

Káàdì tó kẹ́yìn bọ́ sílẹ̀: heart 3. Ọ̀gá rẹ́rìn-ín, wọ́n fi apá méjèèjì wọ́ gbogbo owó náà sọ́dọ̀, wọ́n ní kí n má bínú.

Lójú gbogbo àwọn tó jókòó, èmi ni mo pàdánù. Nínú ìwé tí mo ń kọ, ₦6,500 ni mo fi sí apá èrè, torí ohun tí ọ̀gá yẹn fún mi lálẹ́ ọjọ́ náà nìyẹn, bí a bá máa jókòó pọ̀ pẹ́. Iṣẹ́ tí o fẹ́ wọ̀ nìyẹn. Èrè rẹ̀ máa ń wọ inú ìwé tipẹ́tipẹ́ kó tó wọ àpò, onílé rẹ kò sì ní gba ìwé.

Ibẹ̀ gan-an ni mo ń bọ̀. Nínú àwọn tí mo mọ̀ tó gbìyànjú láti fi pókà jẹun nílùú yìí, àwọn tí àìmọ̀-ọ́n-ta lé kúrò kò tó nǹkan. Owó ilé ló lé àwọn tó kù. O mọ bí Àbújá ṣe rí: owó ọdún kan gbáko ni wọ́n máa ń gbà, àwọn mìíràn á ní ọdún méjì, owó agent àti owó agreement tún wà lọ́tọ̀. Tí àsìkò rẹ̀ bá bọ́ sí ìgbà tí káàdì kò ṣe ẹnuure fún ọ, inú owó tí o fi ń ta ni o máa ti yọ ọ́. Èyí tó bá kù kò ní tó láti jókòó sí tábìlì tí o ti ń jókòó tẹ́lẹ̀. Kí o sọ̀ kalẹ̀ lọ síbi tó kéré, èrè ibẹ̀ kò lè ra gáàsì. Kí o jókòó pa síbi ńlá pẹ̀lú owó tí kò tó, ẹ̀rù ni o ó máa fi ta. Ẹni tó ń ro owó ilé kì í lè ṣe blọ́ọ̀fù tó dá a lójú, ìyẹn kó fi owó ńlá lé èèyàn kúrò nígbà tí káàdì rẹ̀ kò dára, bẹ́ẹ̀ ni kì í lè ju káàdì tó yẹ kó jù sílẹ̀. Àwọn tí ẹ jọ wà ní tábìlì á sì gbóòórùn rẹ̀ lára rẹ kíá.

Nítorí náà, owó méjì ni. Owó tábìlì wà ní báńkì tirẹ̀: lójú tèmi, kó tó ìjókòó 50, ìyẹn ìlọ́po 50 owó tí o fi ń jókòó sí tábìlì tí o ti ń ta, tó bá sì jẹ́ tọ́námẹ́ǹtì lo fẹ́ràn, kó ju 100 lọ dáadáa, torí nínú tọ́námẹ́ǹtì o lè ta dáadáa fún ìgbà pípẹ́ láìrí ẹyọ owó kan. Owó ilé, oúnjẹ, iná àti owó ilé ìwé ọmọ wà ní báńkì mìíràn, kó tó ọdún kan, kí o má sì fọwọ́ kàn án bí káàdì bá gbóná jù tàbí tó bá tutù jù. Mo mọ̀ pé ẹnu dùn-ún ròfọ́. Èmi kò lè ṣe é títí mo fi dá ṣọ́ọ̀bù inverter àti bátìrì sílẹ̀ ní Dutse Alhaji. Ṣọ́ọ̀bù ló ń san owó ilé báyìí, pókà sì ti wá rọ̀ mí lọ́rùn ju ìgbà tó jẹ́ òun nìkan lọ.

Ti dọ́là tún wà níbẹ̀, torí dọ́là la fi ń ta á lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Nígbà tí wọ́n tú náírà sílẹ̀ ní oṣù kẹfà 2023, dọ́là kan tó ń lọ ní bíi ₦460 di ohun tó ju ₦700 lọ láàárín ọjọ́ péréte, kó tó di pé ó kọjá ₦1,500 ní 2024. Àwa tí dọ́là wà lọ́wọ́ wa jó. Àwọn tí náírà ni wọ́n fi ń wọlé rí i pé tábìlì tí wọ́n ń jókòó sí ti wọ́n ju agbára wọn lọ, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni jẹ wọ́n lówó. Kí ìyẹn tó ṣẹlẹ̀ ni àwọn báńkì ti dín ohun tí èèyàn lè fi káàdì náírà ná sókè òkun kù sí $20 lóṣù, ní 2022. Crypto tí ọ̀pọ̀ wa fi ń gbé owó wọlé, báńkì àpapọ̀ ti ní kí àwọn báńkì má fọwọ́ kàn án láti oṣù kejì 2021, oṣù kejìlá 2023 ni wọ́n tó tú u sílẹ̀.

Má sì kó gbogbo owó rẹ sórí sáìtì kan. Ní ọjọ́ 15 oṣù kẹrin 2011, ìjọba Amẹ́ríkà ti PokerStars, Full Tilt àti Absolute Poker mọ́ àwọn ará ìlú wọn. Full Tilt kò ní owó tí wọ́n máa fi san fún àwọn èèyàn. Ọdún 2014 ni àwọn ará Amẹ́ríkà tó há síbẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í rí tiwọn gbà.

O dárúkọ Chris Moneymaker. Mo rẹ́rìn-ín, torí akáǹtáǹtì bíi tìrẹ lòun náà. Lóòótọ́, $86 ló fi wọlé lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ó sì na àwọn 838 mìíràn ní ìdíje pókà àgbáyé ní Las Vegas lọ́dún 2003, ó gba $2,500,000. Ẹni kan nìyẹn. Ní ìdíje kan náà lọ́dún 2024, èèyàn 10,112 ló san $10,000, àwọn bíi 15 nínú ọgọ́rùn-ún nìkan ló rí nǹkan kan gbà padà. Wo ti Stu Ungar náà, ẹni tí ọ̀pọ̀ gbà pé kò sí ẹni tó mọ káàdì tó o. Ó gba ìdíje yẹn ní 1980, ní 1981, ó tún gbà á ní 1997. Owó oníwọ̀fà ni ti 1997 yẹn: ẹlòmíràn ló san owó ìwọlé fún un, ẹni yẹn sì pín ìdajì $1,000,000 tó jẹ. Nígbà tó máa kú ní 1998, nínú yàrá ilé ìtura kékeré ni wọ́n bá a, owó tí wọ́n rí lára rẹ̀ kò ju bíi $800 lọ. Oògùn olóró jẹ nínú rẹ̀, mi ò ní fi gbogbo rẹ̀ sí káàdì lọ́rùn. Ṣùgbọ́n tí o bá rí àwòrán ẹni tó gbé owó jọ síwájú, máa béèrè pé mélòó níbẹ̀ ló jẹ́ tirẹ̀.

Tó bá jẹ́ tábìlì inú ilé lo ń wò, Maitama, Wuse 2, Gwarinpa, ìyẹn tún ní òfin tirẹ̀ tí kò sí nínú ìwé. Onílé ló ń pe èèyàn. Àwọn tó ń pàdánù ló sì fẹ́ kó máa wá, kì í ṣe ìwọ. Ẹni tó bá wá, tó fi awò dúdú àti fìlà bojú, tí kò sọ̀rọ̀, tó jẹ tán tó sì gba ọ̀nà ilé lọ, wọn kò ní pè é mọ́. Mo ti rí ọmọkùnrin kan tó mọ ìṣirò ju gbogbo wa lọ tí wọ́n fi ọgbọ́n yọ kúrò bẹ́ẹ̀. Máa ṣàwàdà, máa bá wọn sọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù, má bá ẹni tó ta káàdì burúkú jà, má sì kọ́ ọ bó ṣe yẹ kó ta á. (Ẹ̀yin tí ẹ máa ń kọ́ èèyàn lórí tábìlì, Ọlọ́run ń wò yín.) Ilé á yọ tirẹ̀ nínú owó, bíi 5 nínú ọgọ́rùn-ún níbi tí wọ́n bá ti ṣe déédéé. Má yá ẹnikẹ́ni ní owó lórí tábìlì, kò sí kóòtù tí o máa gbé e lọ.

Ti òfin, má fi ojú kéré wò ó. Ní oṣù kọkànlá 2024, Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ fagi lé òfin lọ́tìrì ti 2005 ní gbogbo ìpínlẹ̀, wọ́n ní ìpínlẹ̀ ló ni àṣẹ lórí lọ́tìrì àti tẹ́tẹ́, Àbújá nìkan ni òfin náà ṣẹ́kù sí. Tí wọ́n bá sì pè ọ́ sí Kánò tàbí ìpínlẹ̀ mìíràn tó ń lo Ṣàríà, má lọ. Hisbah, àwọn ọlọ́pàá Ṣàríà, kò ní bá ọ ṣírò heart.

Iṣẹ́ alẹ́ ni. Tọ́námẹ́ǹtì ńlá ọjọ́ Àìkú máa ń bẹ̀rẹ̀ nírọ̀lẹ́, tí o bá rìn jìnnà nínú rẹ̀, ibi tí ládánì ti ń pe ìrun àsùbáà lo ṣì máa wà. Ẹ̀yìn á máa dùn ọ́. Tí iná bá lọ níbi tí o ti kó gbogbo ṣíìpù rẹ sí, káàdì kò dúró de ẹnikẹ́ni. Ra inverter (mi ò polówó o), sì fi dátà ilé iṣẹ́ méjì sọ́wọ́.

Ó ku àwọn èèyàn rẹ, o ò sì dárúkọ wọn rárá. Agent ilé á ní kí o mú ọ́fà lẹ́tà wá. Òṣìṣẹ́ báńkì á pè ọ́, á ní níbo ni owó yìí ti wá. Bàbá ìyàwó mi gbéra láti Òmù-Àrán wá kí wa, wọ́n jókòó, wọ́n mu omi tán, wọ́n ní, “Iṣẹ́ wo lẹ sọ pé ẹ ń ṣe?” Mo dọ̀bálẹ̀, mo ṣàlàyé. Wọ́n gbọ́ mi tán pẹ̀lú sùúrù, wọ́n ní, “Ó dáa. Ta ló gbà yín síṣẹ́?” Ìyàwó mi wọ kíṣìnì lọ rẹ́rìn-ín. Èmi tí mo lè wo ojú kọ́ńtíráktọ̀ kí n fi 9 àti 5 lé wọn kúrò nídìí ₦200,000, mi ò rí èsì kankan fọ̀.

Ohun tí màá ṣe bó bá jẹ́ èmi ni ìwọ: màá di iṣẹ́ mú, màá ta á lálẹ́ àti lópin ọ̀sẹ̀ títí yóò fi pé ọwọ́ 100,000 ó kéré tán, lórí iye kan náà, láìgun òkè. Tí ọ́fíìsì bá lè fún ọ ní ìsinmi láìsanwó, gba ìyẹn ṣáájú lẹ́tà. Fi èsì kọ ọ́ síbí: iye ọwọ́, iye big blind tí o ń ta, iye tó wà nílẹ̀ láìka owó oúnjẹ mọ́ ọn, àti oṣù tí owó ilé rẹ pé. Alẹ́ ọjọ́ Satidé ni mo máa ń ráyè, màá bá ọ ṣírò rẹ̀.