Dróònù mẹ́rin, olùṣọ́ kan: géèmù yín ò gbọ́dọ̀ dùn

Ẹ béèrè géèmù tí ẹ lè fi ṣe iṣẹ́ ìwádìí máàsítà yín, lórí bí ẹnì kan ṣe ń ṣọ́ dróònù mẹ́rin tó ń dá fò. Ẹni tí iṣẹ́ yìí ti fojú ẹ̀ rí màbo ló ń dáhùn o.

Ẹ kọ́kọ́ gba ìyọ̀ǹda lọ́wọ́ ìgbìmọ̀ ìwádìí. Tiwa, bí wọ́n ṣe rí "drone" nínú fọ́ọ̀mù mi, wọ́n ní kí n ṣàlàyé ohun tí màá ṣe tó bá já lu èèyàn lórí. Inú kọ̀ǹpútà! Ẹ yáa kọ ọ́ sójú ìwé àkọ́kọ́ pé nǹkan kan ò ní fò.

Èyí tó dùn mí jù ni ti ọ̀jọ̀gbọ́n tó ń bójú tó iṣẹ́ mi. Ó fi dandan lé e pé kí ẹ̀rọ máa ṣàṣìṣe léraléra kí dátà lè pọ̀. Mo ní kò ní jọ iṣẹ́ gidi, ó ní ṣé èmi ni màá kọ́ òun níṣẹ́ òun. Eré náà jẹ́ wíwá àwọn tí omíyalé ká mọ́. Bí dróònù bá ti pe kùkùté igi ní èèyàn lẹ́ẹ̀mejì, ó parí, àwọn tó ń ṣeré náà ò gbà á gbọ́ mọ́. Gbogbo àbá tó bá mú wá, "Rárá" ni wọ́n ń tẹ̀, ojú wọn ò kúrò lórí màpù. Ṣé ìyẹn náà ni ṣíṣọ́ ẹ̀rọ? Nígbà tí èsì dé, ọ̀gá yìí kan náà ló ń bi mí pé kí ló dé tí ẹnikẹ́ni ò gbẹ́kẹ̀ lé ẹ̀rọ. A da gbogbo ẹ̀ nù, mo tún ń bẹ èèyàn kiri.

Ẹ wá iṣẹ́ tí Mackworth, onímọ̀ nípa ìrònú èèyàn, gbé jáde ní 1948 lórí bí ṣíṣọ́ nǹkan fún ìgbà pípẹ́ ṣe ń rí, kà. Ọwọ́ aago ló ní kí àwọn èèyàn máa wò fún wákàtí 2, kí wọ́n tẹ bọ́tìnì tó bá fò ní ìlọ́po méjì. Lẹ́yìn ìdajì wákàtí àkọ́kọ́, èyí tí ojú wọn ń fò nínú ẹ̀ ti pọ̀ sí i. Nítorí náà, kí àṣìṣe ṣọ̀wọ́n, kó sì dé nígbà tí oorun ti ń kùn wọ́n. Ẹni tó bá ní kí ẹ fi orin àti máàkì kún un, eré lòun ń wá, oorun lẹ̀yin ń wá.

Ẹ má kó kìkì àwọn ọmọ tó ń gbá géèmù látàárọ̀ ṣúlẹ̀ jọ. Ìbéèrè NASA-TLX, tí wọ́n fi ń mọ bí iṣẹ́ ṣe wọ èèyàn lọ́rùn tó, ìparí ni kí ẹ fún wọn. Tẹ́ ẹ bá dá eré dúró láàárín, ẹ ti jí wọn nìyẹn.

Hẹn, géèmù. RESCHU, ètò kọ̀ǹpútà tí wọ́n ṣe ní yunifásítì MIT ní Amẹ́ríkà fún ìwádìí lórí bí ẹnì kan ṣe ń ṣọ́ ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ, wà fún irú èyí gan-an. AirSim, tí Microsoft ṣe fún fífò dróònù nínú kọ̀ǹpútà, rẹwà lóòótọ́, ṣùgbọ́n wọ́n ti kéde ní 2022 pé àwọn ń pa á tì, ó sì fẹ́ kọ̀ǹpútà alágbára. Màpù pẹlẹbẹ tẹ́ ẹ bá fi Unity, irinṣẹ́ tí wọ́n fi ń ṣe géèmù, ṣe ti tó, ìyẹn ò le.