Ìdí tí guacamole yín fi ń ṣomi, tí ó sì ń dúdú

Ẹ̀yin ìyá wa tí ẹ béèrè láti Ìsàlẹ̀ Èkó pé kí ló dé tí guacamole, ìyẹn píà tí a tẹ̀ pọ̀ mọ́ tòmátì, àlùbọ́sà àti ata, tí ẹ ṣe lọ́sàn-án fi ṣomi, tí ó sì dúdú kí àlejò tó dé ní ìrọ̀lẹ́, ẹ má dá ara yín lẹ́bi. Píà ni kí ẹ kọ́kọ́ wò. Èyí tí àwọn ará Mẹ́síkò sábà máa ń lò kéré, èèpo rẹ̀ rí ṣákaṣàka, ó sì kún fún òróró. Èyí tí a ń rà ní Oyíngbò lásìkò òjò tóbi, ara rẹ̀ ń dán, omi inú rẹ̀ sì pọ̀.

Inú ìtìjú ni èmi ti kọ́ ọ. Lọ́jọ́ ìsọmọlórúkọ ọmọ àbúrò mi ní Sùúrùlérè, mo da píà mẹ́fà, tòmátì, àlùbọ́sà àti iyọ̀ sínú ẹ̀rọ ìlọta lẹ́ẹ̀kan náà, mo sì gbé e kalẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìpékeré. Kò tó wákàtí méjì tí omi fi yí etí abọ́ ká, tí ojú rẹ̀ sì dà bí àmàlà àná. Ẹ̀gbọ́n wa kan tilẹ̀ béèrè ṣíbí, wọ́n rò pé ọbẹ̀ ni.

Láti ìgbà náà, n kì í ra píà lọ́jọ́ tí mo fẹ́ lò ó. Mo máa ń ra èyí tó ṣì le ní ọjọ́ mẹ́ta tàbí mẹ́rin ṣáájú, n óò sì wé e sínú ìwé ìròyìn pẹ̀lú ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ kan tó pọ́n, nítorí afẹ́fẹ́ tó ń jáde lára ọ̀gẹ̀dẹ̀ a máa mú kí píà tètè rọ̀. Ẹ má gbé e sínú fíríìjì kí ó tó rọ̀, òtútù yóò dá a dúró. Ẹ má sì retí kí èèpo rẹ̀ dúdú bí wọ́n ṣe ń sọ nínú fídíò. Ọ̀pọ̀ tiwa kì í pa àwọ̀ dà. Àtẹ́lẹwọ́ ni kí ẹ fi tẹ ọrùn rẹ̀ wò, nítorí ọmọ ìka a máa dá egbò sí i lára.

Tòmátì ni ọ̀tá kejì. Ẹ yọ kóró àti omi inú rẹ̀ dànù, kí ẹ sì jẹ́ kí ó jò nínú asẹ́ lẹ́yìn tí ẹ bá gé e wẹ́wẹ́. Fọ́ọ̀kì ni mo fi ń tẹ píà, tàbí ọlọ ìyá mi nígbà tí mo bá ráyè, kí ó lè ku kóókó díẹ̀díẹ̀. Píà ńlá méjì gba omi ọsàn wẹ́wẹ́ kan, ìlàjì àlùbọ́sà kékeré àti ìlàjì ata rodo. Iyọ̀ àti tòmátì ni n óò fi kẹ́yìn, nígbà tí ó bá ku díẹ̀ kí a jẹ ẹ́, torí iyọ̀ ló ń fa omi jáde lára tòmátì. Bí ẹ kò bá rí ewé kóríáńdà, ewé olóòórùn tí wọ́n sábà máa ń gé sí guacamole, ẹ fi í sílẹ̀. Mo fi ẹfinrin dípò rẹ̀ rí, kò sí ohun tí a tọ́ wò mọ́ ju ẹfinrin lọ.

Ní ti dídúdú, afẹ́fẹ́ ló ń fà á. Omi ọsàn wẹ́wẹ́ a máa fà á sẹ́yìn díẹ̀, ṣùgbọ́n kò lè dá a dúró pátápátá. Wọ́n ní kí n fi kóró píà sí àárín rẹ̀. Mo ṣe é, abẹ́ kóró nìkan ló mọ́, gbogbo àyíká rẹ̀ dúdú. Ohun tó gbà mí ni ọ̀rá (náílọ́ọ̀nù) tí mo ń tẹ̀ mọ́ ojú oúnjẹ náà gan-an, kí n tó dé ike. Bí iná bá wà, yóò dúró di ọjọ́ kejì nínú fíríìjì. Bí kò bá sí iná, ẹ fi píà sílẹ̀ lódindi títí àlejò yóò fi kan ilẹ̀kùn.