Ta ni ó wà lábẹ́ ẹsẹ̀ Shiva?

Ẹni tó sọ fún yín pé ọmọ ènìyàn tí wọ́n fi rúbọ ni ère idẹ Shiva, òrìṣà Híńdù, tó ń jó, èyí tí wọ́n ń pè ní Nataraja, tẹ̀ mọ́lẹ̀, irọ́ ló pa. Mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn tó ń ta ère àtijọ́ náà, inú mi kì í dùn sí i rárá, torí ibẹ̀ gan-an ni ìtumọ̀ ère náà wà.

Apasmara ni wọ́n ń pe aràrá tó wà lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ yẹn. Àìmọ̀kan ni, òun náà ni ìgbàgbé. Ẹ wò ó dáadáa, kò kú. Ó ṣì ń gbórí sókè. Shiva kàn fẹsẹ̀ ọ̀tún tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ ni. Àwọn àgbà Híńdù kan ní kò gbọdọ̀ kú, pé bí àìmọ̀kan bá tán láyé, kò sẹ́ni tí yóò mọ iyì ìmọ̀ mọ́.

Nínú ọwọ́ mẹ́rin tó ní, ìlù ọwọ́ ẹ̀yìn kan, ìṣẹ̀dá ni. Iná ọwọ́ ẹ̀yìn kejì, ìparun ni. Àtẹ́lẹwọ́ tó nà síwájú ń ní ká má bẹ̀rù. Ṣùgbọ́n ọwọ́ òsì iwájú ni kí ẹ tẹ̀lé. Ó rọ̀ kọjá àyà bí ọwọ́jà erin, ó ń júwe ẹsẹ̀ òsì tó gbé sókè. Ẹsẹ̀ yẹn ni ibi ìsádi. Nítorí náà ni mo ṣe ń sọ ọ́ fún gbogbo ènìyàn: láti ẹsẹ̀ ni kí ẹ ti máa ka Nataraja, kì í ṣe láti ọwọ́.

Láyé àwọn ọba Chola ní Tamil Nadu, ní gúúsù Íńdíà, ni irú rẹ̀ gbilẹ̀. Títí dòní, ìda oyin ni àwọn alágbẹ̀dẹ ìlú Swamimalai níbẹ̀ kọ́kọ́ fi ń mọ ọ́, wọn a fi amọ̀ odò Kaveri bò ó, wọn a yọ́ ìda náà dànù kí wọ́n tó da idẹ yíyọ́ sí i. Àwọn baba wa ní Ifẹ̀ mọ iṣẹ́ yìí dunjú.

Lọ́jọ́ ọdún tẹ́ńpìlì, wọn a gbé ère náà jáde, wọn a fi aṣọ sányán àti òdòdó bò ó débi pé ojú nìkan ló kù. Lónìí, àwọn èèyàn ń fi í ṣe ẹ̀ṣọ́ pálọ̀, wọ́n ń fọ̀ ọ́ kó lè máa dán. Àwọn olè náà kò jẹ́ kó sinmi. Lọ́dún 2008, ilé ọnà ìjọba Ọsirélíà fi nǹkan bíi mílíọ̀nù 5 dọ́là ra Nataraja kan tí wọ́n jí ní tẹ́ńpìlì Sripuranthan. Ọdún 2014 ni wọ́n dá a padà sí Íńdíà.

Bí wọ́n bá gbé Nataraja àtijọ́ kan wá fún yín, ẹ yẹ ìdí rẹ̀ wò. Ihò tí wọ́n ń ki ọ̀pá bọ̀ láti fi gbé e lọ́jọ́ ọdún sábà máa ń wà níbẹ̀. Bí ẹ bá rí i, ẹ béèrè tẹ́ńpìlì tó ti wá kí ẹ tó dá iye owó sí i.