Tíṣà ní kí n gbé ọmọ mi lọ sí ilé ìwé àkàndá

Ìbéèrè: Ọmọ mi ọkùnrin, ọmọ ọdún 8, wà ní pírámárì kẹta nílé ìwé ìjọba kan n'Ìkòròdú. Kì í kọ ohun tó wà lójú bọ́ọ̀dù tán. Tíṣà rẹ̀ ní kí n wá ilé ìwé àkàndá fún un. Ṣé tíṣà lè dá irú ìpinnu bẹ́ẹ̀ ṣe?

Ìdáhùn: Rárá, ìyá wa. Tíṣà ló sábà máa ń kọ́kọ́ fura, n kò sì dá a lẹ́bi, ṣùgbọ́n ìfura kì í ṣe àyẹ̀wò.

Ẹ yẹ ìwé ọmọ náà wò lálẹ́ òní. Bó bá ń wo ìwé tó wà níwájú rẹ̀ kọ láìṣì, tó jẹ́ pé ti ojú bọ́ọ̀dù nìkan ló ń fo ìlà, ojú ni kí ẹ kọ́kọ́ fura sí. Ẹ tún dúró sẹ́yìn rẹ̀, kí ẹ rọra pe orúkọ rẹ̀. Ọmọ tí kò gbọ́ràn dáadáa máa ń wo ẹnu èèyàn débi pé ará ilé kì í tètè mọ̀. Ọsibítù Jẹ́nẹ́rà Ìkòròdú ni kí ẹ kọ́kọ́ gbé e lọ fún àyẹ̀wò ojú àti etí, kí ẹ sì gba èsì rẹ̀ lákọsílẹ̀. Àwọn kan wà tí wọ́n ń pè lólódo, tó jẹ́ pé awò ojú ni wọn ò ní.

Bí ojú àti etí bá dá ṣáká, ẹ kọ̀wé sí ọ̀gá ilé ìwé pé kí wọ́n yẹ ọmọ náà wò. Kíkọ ni o, ẹ má fẹnu lásán sọ ọ́. Tíṣà á máa kọ ohun tó ń rí sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, olùkọ́ tó mọ bí wọ́n ṣe ń kọ́ àwọn àkàndá tàbí sàíkólọ́jísì (onímọ̀ nípa ìrònú àti ìwà ẹ̀dá) á sì bá ọmọ jókòó. Wọ́n á bi ẹ̀yin náà bí ẹ ṣe bí i, ìgbà tó rìn, ìgbà tó fọhùn, bóyá gìrì gbé e rí. Bó bá jẹ́ Yorùbá lẹ ń sọ nílé, ẹ ní kí wọ́n fi Yorùbá bi í léèrè. Àìgbọ́ Gẹ̀ẹ́sì kì í ṣe àrùn ọpọlọ!

Ẹ̀yìn ìyẹn ni ọ̀rọ̀ ibi tí yóò ti kàwé tó kàn. Ó lè wà ní kíláàsì rẹ̀, kí wọ́n mú un jókòó níwájú, kí wọ́n fún un láyè díẹ̀ sí i. Àwọn ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ìjọba kan l'Ékòó náà ní ẹ̀ka àkàndá nínú ọgbà wọn. Àwọn tó dá dúró, bíi Modupe Cole l'Ákọkà àti Wesley fún àwọn adití ní Sùúrùlérè, wà fún ọmọ tí ìrànlọ́wọ́ inú kíláàsì kò tó fún, ọ̀nà wọn sì jìn sí Ìkòròdú.

Òfin àpapọ̀ tí ààrẹ fọwọ́ sí ní January 2019 fún àwọn àkàndá lẹ́tọ̀ọ́ sí ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ títí dé girama. Bí ilé ìwé bá kọ̀, ẹ mú ẹ̀dà ìwé yín lọ sí ọ́fíìsì ètò ẹ̀kọ́ ìjọba ìbílẹ̀. Ẹ má sì fọwọ́ sí ìwé kankan lórí ibi tí ọmọ náà yóò ti kàwé, bí kò bá ní ọjọ́ tí wọ́n máa tún un yẹ̀ wò.