Yí páálí náà padà, wo ẹ̀yìn rẹ̀ kó o tó sanwó

Àbúrò mi ní Ṣágámù, o ní ẹ̀gbọ́n rẹ tó wà ní Houston fẹ́ ra àpótí Blu-ray (àwo tí àwòrán rẹ̀ mọ́ ju ti DVD lọ) ti Night of the Living Dead, fíìmù ẹ̀rù nípa òkú tó jí dìde, fún ọ, pé owó rẹ̀ ga, o sì fẹ́ mọ̀ bóyá ó tó bẹ́ẹ̀. Ó tó bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n kí ẹ̀gbọ́n rẹ má tíì sanwó.

Lẹ́tà mẹ́ta ni àwọn tó ń tẹ Blu-ray fi pín ayé. Amẹ́ríkà àti Japan wà lábẹ́ A. Àwa níbí, pẹ̀lú ilẹ̀ Áfíríkà, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti èyí tó pọ̀ jù ní Yúróòpù, B ni wọ́n kó wa sí. Ṣáínà àti Íńdíà wà lábẹ́ C. Ẹ̀rọ tí wọ́n ṣe fún B kò ní ka àwo A, bó ti wù kí àwo náà tuntun tó. Wọ́n bá mi gbé ọ̀kan wá láti Amẹ́ríkà rí. Inú ọ̀rá rẹ̀ ni mo ti yọ ọ́, ẹ̀rọ sì kọ̀ ọ́. Ẹni tó ń tún ẹ̀rọ ṣe ládùúgbò wa ní Ìjẹ̀bú-Òde ní lẹ́ǹsì ló ti kú. Ó pààrọ̀ lẹ́ǹsì, ó gbowó, àwo ò ṣiṣẹ́. Lẹ́tà A kékeré tó wà lẹ́yìn páálí ló fa gbogbo rẹ̀.

DVD ló ń tan èèyàn jẹ. Òun náà ní ààlà tirẹ̀: 1 ni ti Amẹ́ríkà, 2 ni ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, 5 ni ti Nàìjíríà. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ DVD tó wà lọ́jà wa kì í wo ààlà kankan, ohun tó o bá fi sí i ló máa kà, a sì rò pé bí Blu-ray náà ṣe máa rí nìyẹn. Ní ti àwo 4K, tí àwòrán rẹ̀ tún mọ́ ju ti Blu-ray lọ, wọn kì í fi ààlà sí i, àmọ́ o gbọ́dọ̀ ní ẹ̀rọ 4K. Kó o sì mọ̀ pé Blu-ray sábà máa ń bá a wà nínú àpótí kan náà, orí Blu-ray yẹn ni wọ́n máa ń kó ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò àti àwọn nǹkan mìíràn sí, òun sì lè ní ààlà.

Nítorí náà, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni mo ti ń rà, àwo àti ẹ̀rọ. Lẹ́tà wọn ni lẹ́tà wa, iná wọn náà sì bá tiwa mu. Ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ tí wọ́n ń tà ní Amẹ́ríkà, iná fóólútì 120 ni wọ́n ń lò. N kì í jẹ́ kí wọ́n fi ránṣẹ́ mọ́, nítorí bí páálí ṣe máa ń tẹ̀ lọ́nà. Àwọn ará wa tó ń bọ̀ láti London wá ṣe Iléyá àti Ojúde Ọba ni mo máa ń bẹ̀, kí wọ́n fi í sáàárín aṣọ inú báàgì tí wọ́n ń gbé lọ́wọ́.

Wàyí o, ìdí tó fi tó owó rẹ̀. Wo bí wọ́n ṣe rí àwòrán náà yọ, nítorí ohun tó o ń sanwó fún gan-an nìyẹn. Ọdún 1968 ni fíìmù George Romero yìí jáde. Orúkọ tó kọ́kọ́ ń jẹ́ yàtọ̀. Nígbà tí àwọn tó fẹ́ gbé e lọ sí sinimá yí orúkọ náà padà, àkọlé tó ń sọ ẹni tó ni ín kò sí lára rẹ̀ mọ́, òfin Amẹ́ríkà ìgbà yẹn sì ní fíìmù tí kò bá ní àkọlé yẹn ti di ti gbogbo ayé. Ẹni tó bá wù ló ń tẹ̀ ẹ́. Wọ́n ń ṣe ẹ̀dà látinú ẹ̀dà, títí ojú èèyàn fi funfun báláú tí òru inú rẹ̀ sì di òkùnkùn lásán. Irú èyí ni mo wò fún ọdún púpọ̀ lórí àwo olówó pọ́ọ́kú tí wọ́n kó fíìmù mẹ́wàá sí. Museum of Modern Art, ilé àkójọ iṣẹ́ ọnà ní New York, àti The Film Foundation, àjọ tó ń tọ́jú fíìmù àtijọ́, ló padà lọ sídìí nẹ́gátíìfù tó tinú kámẹ́rà jáde, wọ́n tún un ṣe, Romero fúnra rẹ̀ dá sí i kó tó kú ní 2017. Ilé iṣẹ́ Criterion wá gbé e jáde lórí Blu-ray ní 2018. Ìgbà tí mo wo ìyẹn ni mo tó rí ojú Duane Jones, olórí òṣèré inú rẹ̀, dáadáa, bó ṣe ń ronú kó tó sọ̀rọ̀. Òṣèré ńlá ni, àwọn ẹ̀dà burúkú yẹn ti fi í pa mọ́.

Nosferatu náà rí bẹ́ẹ̀, fíìmù amùjẹ̀ tí Murnau darí ní Jámánì ní 1922. Inú Dracula, ìwé Bram Stoker, ni wọ́n ti mú ìtàn rẹ̀, wọn ò sì gba àṣẹ lọ́wọ́ opó Stoker, opó náà gbé wọn lọ sí kóòtù, ilé ẹjọ́ sì ní kí wọ́n pa gbogbo ẹ̀dà run. Àwọn tó bọ́ ni a ń wò lónìí. Ọ̀sán ni wọ́n ya àwọn ìran òru rẹ̀, wọ́n wá pa fíìmù náà láró kí òǹwòran lè mọ̀ pé ilẹ̀ ti ṣú. Nínú ẹ̀dà tí kò ní aró, ṣe ni amùjẹ̀ tí oòrùn ń pa á ń rìn kiri nínú oòrùn. Ọ̀pọ̀ ló ti torí ẹ̀ sọ pé fíìmù náà ò mọ́gbọ́n dání. Bí o bá fẹ́ rà á, wá èyí tí wọ́n dá aró rẹ̀ padà.

Ó ń dùn mí gan-an pé mi ò tíì fojú kan irú àpótí yìí fún Aiye, fíìmù Hubert Ogunde tí Ọlá Balógun darí ní 1979. Òsósà ni ìlú Ogunde, ẹ̀gbẹ́ wa níbí. Àwọn àjẹ́ inú fíìmù yẹn bà mí lẹ́rù ju gbogbo òkú tí Romero jí dìde lọ. Ó yẹ kí ẹnì kan ṣe é kó tó pẹ́ jù.

Má jẹ́ kí ọ̀rọ̀ pé ó máa tó tán lọ́jà kó ọ láyà jẹ. Àwọn ilé iṣẹ́ tó ń tẹ Blu-ray, bíi Arrow, máa ń kọ́kọ́ gbé èyí tó ní àpótí líle, ìwé àti pósítà jáde. Tó bá yá, wọ́n á tẹ gbẹ̀fẹ́ rẹ̀ láìsí àwọn nǹkan yẹn, àwo fíìmù kan náà sì ló sábà máa ń wà nínú rẹ̀, pẹ̀lú owó tó dín.

Tó bá dé ọwọ́ rẹ, ọ̀rinrin ni kó o máa ṣọ́. Láàárín òjò, àwọn ìwé inú àpótí máa ń bu. Má to wọ́n mọ́ ògiri ìta, má gbé wọn sórí sìmẹ́ńtì. Mo máa ń kó àwọn àpò kékeré tó máa ń wà nínú páálí bàtà tuntun sáàárín wọn, mo sì máa ń ṣí kọ́bọ́ọ̀dù sílẹ̀ nígbà ọyẹ́. Ìnàró ni mo ń to àwo. Bí o bá ní káséètì àtijọ́, tó o wá rí nǹkan funfun lára téèpù rẹ̀, má fi í sẹ́rọ rárá, ó máa di orí ẹ̀rọ náà, á sì ran èyí tó o bá fi tẹ̀lé e.

Sọ fún ẹ̀gbọ́n rẹ kó yí páálí náà padà ní ṣọ́ọ̀bù. Bó bá rí A, B àti C papọ̀, kó rà á. Bó bá jẹ́ A nìkan, kó fi í sílẹ̀, kó fi owó náà ránṣẹ́ sí ẹni yín tó bá wà ní London. Bó bá sì ti rà á, kó má ya ọ̀rá ara rẹ̀, kó lè rí i dá padà.