Má Sá Lóru

Ọmọ mi, mo ka lẹ́tà rẹ tán. O ní oṣù mẹ́jọ rèé tí o ti ń kọ́ni ní Gẹ̀ẹ́sì ní Japan, nílé-ẹ̀kọ́ kan tó ní ẹ̀ka káàkiri. Máníjà rẹ ní bí o bá lọ kí ọdún kan tó pé, wàá san yẹ́ẹ̀nì 300,000. Ó tún ní wákàtí 29 àbọ̀ tí ò ń ṣe lọ́sẹ̀ kò tó láti fún ọ ní ìdójútòfò ìlera. O wá ń bi mí bóyá kí o palẹ̀ ẹrù mọ́ lóru.

Kí lo jí?

Ẹ̀rù lásán ni wọ́n fi owó yẹn bà ọ́. Abala 16 nínú òfin iṣẹ́ Japan ti ọdún 1947 kò gba agbanisíṣẹ́ láyè láti ti dá iye owó ìtanràn sínú àdéhùn. Àmọ́ má tíì máa jó: àdéhùn ọlọ́dún kan ṣì mú ọ títí ọdún yóò fi pé, àfi bí ìdí gúnmọ́ bá wà. Oṣù mẹ́rin péré ló kù. Rọ́jú ṣe é, kí o máa wá iṣẹ́ mìíràn lábẹ́lẹ̀.

Físà rẹ kì í ṣe ti máníjà. Bí iṣẹ́ tuntun bá jẹ́ irú kan náà, o lè lò ó lọ, ṣùgbọ́n fi tó ímígíréṣọ̀n létí láàárín ọjọ́ 14. Má jókòó lásán tó oṣù mẹ́ta. Wọ́n lè gba físà ọ̀hún lọ́wọ́ rẹ.

Ní ti ìdójútòfò ìlera, máníjà rẹ parọ́ fún ọ ni, tàbí kò mọ òfin. Láti oṣù kẹwàá ọdún 2024, ilé-iṣẹ́ tí òṣìṣẹ́ rẹ̀ lé ní 50 gbọ́dọ̀ forúkọ ẹni tó ń ṣe wákàtí 20 lọ́sẹ̀ tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ sílẹ̀ fún un, bí owó oṣù rẹ̀ bá ti tó yẹ́ẹ̀nì 88,000. Lọ bi wọ́n ní ọ́fíìsì owó ìfẹ̀yìntì, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń forúkọ náà sílẹ̀.

Ohun tó kọ mí lóminú jù ni èyí tí o kàn sọ gbẹrẹfu: ilé-ẹ̀kọ́ yẹn ló gba yàrá tí ò ń gbé, inú owó oṣù rẹ ni wọ́n sì ń yọ owó ilé. Nígbà tí Nova, ilé-ẹ̀kọ́ èdè tó tóbi jù ní Japan nígbà náà, wó lọ́dún 2007, wọ́n ti yọ owó ilé lọ́wọ́ àwọn olùkọ́ kan láìsan án fún onílé. Ìta ni àwọn míì bá ara wọn. Wá yàrá tìrẹ kí o tó fìwé ìfiṣẹ́sílẹ̀ lé wọn lọ́wọ́.

Màmá rẹ tí ojú ń tì ọ́ láti sọ fún? Pè é. Sọ fún un pé iṣẹ́ náà kò dára, o sì ti ń wá òmíràn. Ó ṣeé ṣe kó ti fura.