Owó inú ìwé oúnjẹ kọ́ lo máa san

Àbúrò, o ní o fẹ́ mú àfẹ́sọ́nà rẹ láti Ọ̀yọ́ lọ jẹun alẹ́ ní ilé oúnjẹ olówó ńlá kan l'Ékòó. O ní 35,000 náírà ni oúnjẹ ẹnì kan, 80,000 ló wà lọ́wọ́ rẹ, ṣé ó tó. Kò tó. Ojú mi rí i.

Pákó ni mò ń tà ní Ògbómọ̀ṣọ́. Nígbà tí Màámi pé àádọ́rin ọdún, àbúrò mi obìnrin tó ń gbé l'Ékòó ní dípò ká pa màlúù fún èrò, ká mú Màámi lọ sí irú ilé oúnjẹ bẹ́ẹ̀, ibi tí wọn ò dé rí. Ó bá wa gba àyè sílẹ̀. Kí n tó kúrò nílé rárá, ilé oúnjẹ náà ti gba 20,000 lórí ẹnì kọ̀ọ̀kan. Wọ́n ní àwọn máa yọ ọ́ nínú owó tí a bá jẹ, àmọ́ tí a bá fi ọgbọ̀n ìṣẹ́jú pẹ́, owó ti wọgbó nìyẹn. Nítorí náà má gbéra lọ́jọ́ náà gan-an o. Sún l'Ékòó mọ́jú. Ọ̀nà Ìbàdàn sí Èkó ò mọ̀ pé ẹnì kan ń dúró dè ọ́.

A jókòó tán, ọmọkùnrin kan gbé àwo pẹlẹbẹ mẹ́ta wá. Nǹkan funfun kan wà nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, wọ́n ká a róbótó, ooru ń jáde lára rẹ̀. Àwa tí wọ́n ń kì pé à ń jẹ ọkà ká tó mu ẹ̀kọ, mo ṣáà gbà pé ẹ̀kọ ti dé, mo ń wo ibi tí ọbẹ̀ máa gbà yọ. Àṣé tówẹ̀lì ìnuwọ́ ni. Ọpẹ́lọpẹ́ àbúrò mi tó kọ́kọ́ mú tirẹ̀.

Ọmọkùnrin náà tún bi wá pé omi wo la fẹ́, èyí tó ń hó bíi mínírà ni àbí èyí tí kì í hó. Màámi ní ká gbé èyí tó ń hó wá. Wọ́n tọ́ ọ wò, wọ́n fajú ro. "Omi yìí mà ti kan!" La bá tún gba èkejì. Igò mẹ́rin la ṣí kílẹ̀ tó ṣú tán, 5,000 náírà igò kọ̀ọ̀kan. Kò sẹ́ni tó rẹ́ wa jẹ, ó wà nínú ìwé, ojú wa ni ò débẹ̀. Tí wọ́n bá ti dárúkọ omi, béèrè iye rẹ̀, má tijú.

Ẹ̀ẹ̀meje ni wọ́n gbé oúnjẹ wá, ní díẹ̀díẹ̀. Ìkẹrin ni àmàlà. Àwo yẹn fẹ̀ bí àtẹ aláta, àmàlà inú rẹ̀ ò ju ẹyin adìẹ lọ. Wọ́n tẹ àárín rẹ̀ bí ìdodo, wọ́n bu gbẹ̀gìrì síbẹ̀, wọ́n wá fi ewédú fa ìlà tín-ín-rín yí etí àwo ká. Màámi wò ó, wọ́n wo ọmọkùnrin náà. "Ọmọ mi, ṣé ìtọ́wò lèyí ni?" Ó tẹ̀ ba, ó ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, mà. Ìtọ́wò ni gbogbo rẹ̀." Kò sì purọ́, "tasting menu" ni wọ́n ń pe irú oúnjẹ bẹ́ẹ̀, ohun tí orúkọ náà túmọ̀ sí gan-an nìyẹn. Ó dùn o. Gbẹ̀gìrì yẹn kúnná débi pé Màámi fẹ́ rí ẹni tó sè é. Síbẹ̀, jẹ ẹ̀bà díẹ̀ kí o tó jáde nílé.

Ìwé owó ló gbẹ̀yìn. Wọ́n fi VAT, ìyẹn owó orí ọjà, ìdá 7.5 nínú ọgọ́rùn-ún, lé owó oúnjẹ. Wọ́n fi ìdá 5 ti ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó lé e. Ilé oúnjẹ wá fi ìdá 10 tiwọn lé e, owó iṣẹ́ àwọn agbáwo. Ìdá 22.5 lápapọ̀. Ṣírò tìrẹ wò: 70,000 fún ẹni méjì, 15,750 gorí rẹ̀, ó di 85,750, o ò tíì mu omi. Àwọn ibòmíràn ti kó o pọ̀ mọ́ iye tí wọ́n kọ. Lẹ́tà wínníwínní ìsàlẹ̀ ìwé ló máa ń sọ ọ́. Pè wọ́n lórí fóònù kí o tó lọ. Tí wọ́n bá sì ti gba ìdá 10 yẹn, kò sí dandan kí o tún fún agbáwo lówó. Èmi ò mọ̀, mo tún fi 5,000 sílẹ̀.

Èmi tí mo ti ń fọ́nnu pé èmi ni màá san, owó mi ò pé. Abẹ́ tábìlì ni mo ti ń tẹ fóònù sí ìyàwó mi ní Ògbómọ̀ṣọ́ pé kó fi 30,000 ránṣẹ́ nínú owó pákó, mo sì ń rẹ́rìn-ín sí Màámi lókè. Mú 120,000 dání.

Màámi ò mọ̀ títí dòní. Nígbà tí àwọn ẹgbẹ́ wọn ní ṣọ́ọ̀ṣì Onítẹ̀bọmi wá bi wọ́n bó ṣe lọ, wọn ò dárúkọ oúnjẹ kankan. Àga ni wọ́n ń sọ, pé bí àwọn ṣe fẹ́ jókòó báyìí, ọmọkùnrin kan ti dì í mú lẹ́yìn, kò fi í sílẹ̀ títí ìdí àwọn fi balẹ̀, àfi bí ìgbà tí Ṣọ̀ún bá fẹ́ jókòó.